Ẹ̀fọn Ọjọ́ Àìkú

Dorivânia, mo rí fìtílà rẹ lálẹ́ àná láti èbúté wa,
ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lábẹ́ igi ní Oiapoque,
mo sì mọ̀ pé o ti ká ṣòkòtò rẹ dé orúnkún,
o pàtẹ ojúgun bí ẹni pàtẹ ọjà,
ò ń retí oníbàárà tí kì í sanwó.
Èmi náà jókòó. Ojúgun tèmi náà wà níta.
Odò Oyapock sùn sáàárín wa
bí àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ tí kò fẹ́ dá a.

Aago méje, mẹ́rin. Aago mẹ́jọ, mọ́kànlá.
Mo ń fà wọ́n sínú ike kí ẹnu wọn tó kàn mí;
ọ̀kan yára jù mí lọ, mo ṣì ń họra títí di báyìí.
Lówùúrọ̀ mo gbé wọn sábẹ́ awò:
ara dúdú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn funfun báláú,
bí ọmọ iléèwé tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun.
Ta ni yóò rí irú ìmúra yẹn
tí yóò rò pé ibà ló wà lápò?

Ọdún méjì gbáko ni ìlú wa méjèèjì fi ń fura síra wọn.
Bí ẹ bá fín oògùn lọ́dọ̀ yín, àwọn ará Saint-Georges á ní,
"Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti lé wọn sọdá."
Bí ọmọ Gervásio bá sì bọ̀ láti ibi ìwakùsà góòlù,
tó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ aṣọ mẹ́ta nínú oòrùn ọ̀sán,
ìyá rẹ̀ á na ìka sí òdìkejì odò, sí ọ̀dọ̀ wa.
Ó dùn mí, nítorí ìwé gbè é lẹ́yìn:
ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ẹ̀fọn kún ìwé tèmi;
ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n kún tìrẹ.
Ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbéra,
tí wọ́n lo ọjọ́ méje lórí omi
tí ọkọ̀ Labonté ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá.

Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè
ibi tí ẹ̀fọn ń sùn sí lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí a pàdé nílé Labonté, o gbé àpò gàrí kan wá,
èmi gbé ìwé mi àti ojú líle.
Ọlọ́pàá etídò ti tú ẹrù mi, ó wo òkú ẹ̀fọn inú ike,
ó ní kí ni mò ń tà.
Potogí mi kò ju ìkíni lọ. Òjò ń lu páànù.
Odalina ọmọ Labonté ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́bàá ògiri
tí kàlẹ́ńdà méjì wà, ọ̀kan láti ilé oògùn wa,
ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n ìpẹja lọ́dọ̀ yín.
Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí Àìkú fi ṣíwájú níbí,
tó wá kẹ́yìn lọ́hùn-ún?"

Labonté ní kó dákẹ́.
Ìwọ lo kọ́kọ́ dìde.
O fi ìka lé ìwé mi, o fi ìka lé tìrẹ,
o bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ.
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú la máa ń jókòó, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń sinmi.
Èmi ń fi Àìkú ti ilẹ̀kùn ọ̀sẹ̀; ìwọ ń fi ṣí i.
Alẹ́ kan náà ni. Ẹ̀fọn kan náà ni.
Wọn kò gbéra láti ibì kankan.

Báyìí, ọjọ́ gan-an la ń kọ.
Ẹ̀fọn kò tíì dín, n kò ní parọ́ fún ọ.
Ibà ọmọ Gervásio lọ, ó tún padà wá
bí àlejò tó gbàgbé àpò rẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí iye tìrẹ di ogójì lọ́sẹ̀ tó kọjá,
mo ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́,
a sì ti da omi inú táyà àgbàlá iléèwé nù kí oòrùn tó wọ̀.

Tan fìtílà rẹ láago mẹ́fà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.
Èmi á ti jókòó.
Gàrí yẹn ti tán. Odalina ló jẹ èyí tó pọ̀ jù.